Orosia Lahoz àti Ìlà Tó Kẹ́yìn

Lẹ́tà náà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, Mosén Blas (Mosén ni wọ́n ń pe fadá níbẹ̀) ló sì kà á fún Orosia Lahoz lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí àwọn méjèèjì dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo omi mímọ́. Fadá náà rọra ń kà á, ó ń wo ojú obìnrin náà lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá túfọ̀. Láti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù ni lẹ́tà ti wá. Wọ́n ní láti oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àlejò wo ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé kankan mọ́, àfi ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn láyè láti ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá yege, kọ́kọ́rọ́ dọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kọ́kọ́rọ́ á lọ sí ìlú ńlá, afinimọ̀nà kan á sì máa fi mọ́tò gbé e wá ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, fún wákàtí mẹ́ta péré, á tún gbé e lọ.

Mosén Blas yọ awò ojú rẹ̀. "Màmá Orosia, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú?" ni Orosia wí. "Ọjọ́ wo ni ìdánwò ọ̀hún?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ há sórí. Ojú ìwé mọ́kànlélógún. Ẹ̀yin fúnra yín sì mọ̀ pé..."

"Pé mi ò mọ̀wé. Ẹ sọ ọ́ jáde, Mosén, inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ náà wá."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Orosia nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti yọ ọ́ nílé ìwé kó lọ máa da àgùntàn, ohun tó sì kó jáde níbẹ̀ kò ju orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà lọ. Obìnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le, nítorí ní Valdecierzo, bí èèyàn kò bá pariwo, atẹ́gùn á ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé etí ẹnìkejì. Orí òkè ni ìlú náà wà, ní ilẹ̀ Aragon. Bí òtútù bá dé, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ju mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lè gba ẹgbẹ̀rún èèyàn. Owó irun àgùntàn ni àwọn baba ńlá wọn fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó gbẹ, iṣẹ́ dúró fún àádọ́rin ọdún, ìgbà tí owó sì fi padà dé, ayé ti yí, ọ̀nà ìkọ́lé ti bá a yí. Ìdí nìyẹn tí apá kan rẹ̀ fi ṣóńṣó lókè bí ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà, tí apá kejì sì ṣe róbótó bí ẹnu ààrò búrẹ́dì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ti àkọ́kọ́ ní Gọ́tíìkì, wọ́n ń pe ìkejì ní Rẹnẹsánsì. Apá òtútù àti apá ìmọ́lẹ̀ ni Orosia ń pè wọ́n, òun tó ń gbá méjèèjì.

Ọgbọ̀n ọdún ni kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ kú, kò sẹ́ni tó fẹ́ iṣẹ́ náà, torí owó oṣù kò sí níbẹ̀, òtútù inú rẹ̀ sì ń wọ eegun. Orosia ní kí wọ́n gbé e fún òun. Láti ìgbà náà ni bébà kan ti wà lára ilẹ̀kùn kékeré: Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ Orosia, ilé kejì, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Àlejò á kan ilẹ̀kùn, á bá a nídìí iná níbi tó ti ń fi òróró ólífì dín ááyù. Orosia á gbé páànù kalẹ̀, á nu ọwọ́, á mú kọ́kọ́rọ́ tó gùn tó ọ̀pá ìrokà, á ṣíwájú. Ó ti mú èèyàn láti ilẹ̀ Japan wọlé. Ó ti mú ọkùnrin kan wọlé tí òjò lásán lé débẹ̀, tó sì jókòó sunkún fún wákàtí kan láìsọ ìdí. Orosia kò bi í léèrè. Ó kàn ń gbálẹ̀ kó má bàa dà bíi pé òun ń wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú obìnrin tó jẹ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ̀rọ̀ orí òrùlé. Ó bàjẹ́, omi ń jò sórí pẹpẹ, olórí ìlú sì ní kò sówó. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí òjò bá ti rọ̀, Orosia á gbé garawa omi tó jò sílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, á gbé e sórí tábìlì olórí ìlú láàárín àwọn fáìlì, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹrù yín rèé," á sì máa lọ. Nígbà tó di garawa kọkànlá, wọ́n tún ọ̀ṣọ̀rọ̀ ṣe. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, bẹ́ẹ̀ ni Orosia sì ti rí láti kékeré.

Ẹ má sì rò pé tìtorí òkúta nìkan ni. Lóòótọ́, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa fún oṣù kan, ọ̀rinrin á jẹ ògiri. Lóòótọ́, obìnrin bíi mẹ́fà ló ń wọ ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán láti jókòó, nítorí ilé wọn ti dákẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ara rẹ̀ gan-an ń ba Orosia. Evaristo ọkọ rẹ̀ ti kú. Ramiro ọmọ rẹ̀ wà ní Zaragoza pẹ̀lú ìyàwó tó ń gbé ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kiri ilé. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Arúgbó kan tó jókòó sí ilé ìdáná tó ń retí ikú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ.

Ramiro pè é lórí fóònù. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé kọ́kọ́rọ́ wọn lọ. Ẹ wá bá wa gbé."

"Ilé yín gbóná jù."

"Màmá, ìdánwò? Ní ọjọ́ orí yín?"

"Ṣé ọjọ́ orí mi ni wọ́n fẹ́ bi mí ni?" ni ó wí, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Ẹni tó ń kàwé fún un ni Benita Royo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bí lọ́dún kan náà. Ogún ọdún ni Benita fi jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ìlú, tó ń so ilé mọ́ ilé, kò sì sí àṣírí tí kò gba etí rẹ̀ kọjá. Àkókò sáfúrónì ni oṣù Kẹwàá níbẹ̀. Òdòdó àlùkò kékeré ni, okùn pupa mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn yẹn ni wọ́n ń tà fún ọbẹ̀. Wọn á ká òdòdó ní kùtùkùtù, lẹ́yìn náà wọn á da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, wọn á jókòó tì í, wọn á máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá já okùn pupa kúrò, òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn, títí tábìlì á fi mọ́. Orosia ń já tirẹ̀ àti ti Benita pọ̀, Benita sì ń kàwé.

"Tún un sọ," ni Benita wí. "'Àwọn òkúta tó tẹ̀...'"

"'Àwọn òkúta tó tẹ̀ bí eegun ìhà ló gbé òrùlé ró, ìdí nìyẹn tí ògiri kò fi ru ẹrù púpọ̀.' Irọ́ ni. Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Ọ̀mọ̀wé ni."

"Kó wá bá mi nu ògiri náà lóṣù Kejì, kó wá wo ẹrù omi tó ń rù."

"Orosia, ìdánwò lo fẹ́ ṣe ni àbí ìjà lo fẹ́ jà? Há a sórí kí n ráyè sinmi. Olórí kunkun!"

"Orí kunkun yìí náà ni mò ń há ìwé sí. Tìrẹ tó rọ̀, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Àṣírí yín ni," ni Benita wí, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbólóhùn kan, òdòdó mẹ́rin. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀, òdòdó méjì. Orúkọ ọ̀gá oníṣẹ́ òkúta tó wá láti ilẹ̀ Italy, òdòdó márùn-ún torí orúkọ náà gùn. Ìka Orosia pọ́n títí dé abẹ́ èékánná. Nígbà tí òdòdó fi tán lóko, ojú ìwé mọ́kànlélógún ti wọnú orí rẹ̀ pátápátá, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Benita dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, ó pa ìwé dé, ó ní, "Ká ní o lọ sílé ìwé ni, ìyà ìbá jẹ gbogbo wa."

Don Leandro Puyuelo dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù rán. Ọkùnrin gíga ni, fáìlì wà lábíyá rẹ̀, atẹ́gùn òkè náà sì ti kọlù ú kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, tó fi jẹ́ pé sísín ló kọ́kọ́ fi kí wọn. Ìdánwò náà nílò àwọn tó máa ṣe bí àlejò, Mosén Blas sì ti sọ fún àwọn obìnrin ìlú. Méje ló wá. Benita jókòó níwájú. Pilar Ansón, opó oníbúrẹ́dì, jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó di rosárì mú bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ dán wò.

"Òfin kan ló wà," ni Don Leandro wí, ó ń nu imú. "Ohun tó bá wà nínú ìwé, tí èèyàn lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ìyẹn ni kí ẹ sọ. Àlọ́ àti ìtàn ìdí iná kò sí níbẹ̀ o. Mo ti débi tí wọ́n ti sọ fún mi pé Èṣù ló kọ́ ilé aago. Ṣé ó yé yín, Màmá?"

"Ó yé mi, ọ̀gá."

"Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Orosia dúró. Ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú bí Mosén Blas ṣe kọ́ ọ, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn afinimọ̀nà tó gbọ́n ń dúró. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lórí, ó mọ̀ pé ó wà lórí, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́nu. Ó wo òrùlé, òrùlé wò ó. Don Leandro wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ nǹkan kékeré kan sínú fáìlì. Orosia rò ó pé, bó ṣe máa tán nìyí, níwájú Pilar oníbúrẹ́dì.

Ibi tí ojú rẹ̀ ti ń wá ìrànlọ́wọ́ kiri ló ti rí Benita. Benita kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ lórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka já nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Orosia tú ọwọ́ tó pa pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já òdòdó nínú afẹ́fẹ́. "'Ní ọdún 1384,'" ló wí, ohùn rẹ̀ sì jáde, "'ni àwọn oníṣòwò irun àgùntàn Valdecierzo fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀...'"

Ó ti dé orí òpó kẹta kí Don Leandro tó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín láàárọ̀ yìí?"

"Kò gbọ̀n, ọ̀gá. Òdòdó ni mò ń já. Ẹ jẹ́ n máa já a lọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Mosén Blas sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Don Leandro kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá a dúró mọ́. Orosia mú wọn láti ilẹ̀kùn kékeré dé pẹpẹ, ó fi ibi tí òkúta ṣóńṣó ti parí tí róbótó ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n, àti àmì tí àwọn oníṣẹ́ òkúta gbẹ́ sára òkúta kí wọ́n lè gba owó iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin náà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tilẹ̀ bi í ní ìkẹrin tí kò sí nínú ìwé, ìdí tí òpó kan fi nípọn ju ìkejì lọ. Orosia ní ìwé kò sọ, òun kò sì mọ̀. Don Leandro mi orí, ó sì hàn pé ìdáhùn yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn ju àwọn yòókù lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ilẹ̀kùn ńlá, àwọn obìnrin sì jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Ibẹ̀ ni ìwé ti parí. Òkúta funfun ni wọ́n fi yí i ká, wọ́n gbẹ́ èso àti ewé àjàrà sí i lára, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo apá Rẹnẹsánsì náà. Ìyàwó àti òkú nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún nílùú yẹn. Lókè rẹ̀, èdè Látìn wà tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta, ìwé pẹlẹbẹ sì túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí Benita ka ìlà náà nídìí òdòdó, ó kà á kíá, ó sì ṣí ewé padà sẹ́yìn.

Orosia sọ nípa èso. Ó sọ nípa ewé àjàrà. Ó sọ orúkọ ọ̀gá oníṣẹ́ òkúta tó wá láti ilẹ̀ Italy, òdòdó márùn-ún. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìlà kan ló kù, Màmá," ni Don Leandro wí. Ó ti yọ gègé síta. "Kí ni wọ́n kọ sókè yẹn?"

"Mo mọ ohun tí ìwé ní wọ́n kọ."

"Ẹ sọ ọ́, kí n fọwọ́ sí i."

"'Ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn,' ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní sọ ọ́ fún àlejò."

Don Leandro rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Màmá, ẹ ti yege tán. Ẹ̀yin lẹ ṣe dáadáa jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti gbọ́ lóṣù yìí. Ìlà kan ni."

"Ẹ ní ká má sọ ohun tí a kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Èyí, mo lè fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe òótọ́."

"Sọ ọ́, Orosia!" ni Benita sọ láti ibi tó jókòó sí. "Sọ ọ́ kí a máa lọ jẹun, jọ̀ọ́. Kí ni ti ariwo?"

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Orosia mọ̀ pé ká ní ó fẹnu lásán sọ ìlà kan yẹn ni, kọ́kọ́rọ́ á kù sí i lọ́wọ́, ọbẹ̀ ááyù á wà lórí iná, ọkùnrin ọlọ́fìnkìn yìí á máa lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbálẹ̀ lábẹ́ òkúta yẹn, kò sì mọ ohun tó kọ títí Benita fi kà á. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí i, inú náà kò sì tíì rọ̀.

"Lóṣù Kejì ọdún 1966 ni mo ṣègbéyàwó níhìn-ín," ló wí. "Mo ti lóyún oṣù márùn-ún. Mosén Hilario tó wà nígbà náà ní irú mi kì í gba ilẹ̀kùn ńlá. Ẹ̀yìn, láti yàrá tí fadá ń wọ aṣọ, ni mo gbà wọlé, aago mẹ́fà ìdájí, aṣọ dúdú ni mo wọ̀, kò sí orin, kò sí òdòdó. Evaristo bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lóṣù Kẹfà mo bí ọmọ náà, ọmọbìnrin ni. Lóṣù Kẹwàá, ó kú. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn yìí. Wọ́n ṣí i fún pósí tí kò gùn ju apá Evaristo lọ, èmi sì tẹ̀ lé e wọlé. Nítorí náà, ọ̀gá, mi ò ní dúró lábẹ́ rẹ̀ kí n máa sọ fún ará Japan pé ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn."

Don Leandro wo bàtà rẹ̀. "Màmá, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu ni ìyẹn náà. Òfin ni..."

"Mo ti gbọ́ òfin," ni Orosia wí. Ó wọ yàrá fadá, ó sì gbé ìwé ìgbéyàwó ìlú jáde, ìwé aláwọ ẹran tó wúwo bí òkúta. Ó ṣí i lórí ìjókòó. Kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ṣàjèjì sí i. Ó fi ìka rẹ̀ tó ti pọ́n tọ́ka sí etí ojú ìwé. "Ẹ wò ó. Gbogbo ìgbéyàwó, ó kọ aago rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Méjìlá, méjìlá, méjìlá. Èyí, mẹ́fà. Méjìlá, méjìlá. Mẹ́fà. Mo ti kà wọ́n. Mẹ́fà náà jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n nínú ìwé yìí. Mo rí àgbélébùú tí mo fi ṣe àmì sí ọ̀kan, torí mi ò lè kọ orúkọ mi tán lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyẹn ni tèmi."

Don Leandro gbàgbé imú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba ìwé náà bí ẹni tí ebi ń pa. "'Wọlé láti ẹ̀yìn,'" ni ó kà. "Òótọ́ ni, ó kọ ọ́. 'Láìsí lílu aago, láìsí orin.' Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa èyí ní ọ́fíìsì." Ìka rẹ̀ ti ń lọ sí mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ ka orúkọ.

Orosia fi ọwọ́ bo ojú ìwé náà. "Tèmi nìkan ni kí ẹ kà. Àwọn tó kù, mi ò mọ̀ wọ́n, mi ò sì fẹ́ mọ̀ wọ́n. Ìtìjú wọn kì í ṣe tèmi láti tà."

"Màmá, mi ò lè fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa gbé kọ́kọ́rọ́ yín lọ. Mi ò ní gbé ọwọ́ kúrò."

Òótọ́ ni, kò gbé e kúrò. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn dúró sórí ìwé bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́ ọn.

Benita ló dìde. Benita tó mọ àṣírí gbogbo ilé, tó máa ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun lọ sí Máàsì, tí gbogbo ìlú gbà pé kò sí ohun kan nílé rẹ̀ tó tó fi pamọ́. Ó rìn lọ síbi ìwé náà, ó di ọwọ́ Orosia mú, ó gbé e kúrò.

"Oṣù Kẹta ọdún 1968," ló wí. "Ẹ wá a níbẹ̀. Benita Royo. Aago mẹ́fà. Òjò ń rọ̀."

"Benita," ni Orosia wí. Òun gan-an ni ẹnu yà jù.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti fi ń pa á mọ́ fún ẹ, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò mí mọ́lẹ̀ lónìí." Ó ń sunkún, ó sì ń bínú pé òun ń sunkún.

Don Leandro ṣí ewé mẹ́rin, ó rí i. Kò tíì gbé orí sókè tí ohùn mìíràn fi wá láti ẹ̀yìn, ohùn tín-ín-rín tí wọn kì í gbọ́ àfi nídìí búrẹ́dì. "Bí ẹ bá ti débẹ̀ náà," ni Pilar Ansón wí, ó ti dìde pẹ̀lú rosárì rẹ̀, "ẹ ṣí ewé kan sí i."

Don Leandro ṣí i. Ó kà á. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga, ó yọ fọ́ọ̀mù ìdánwò, ó kọ ọ́ sí i pé Orosia Lahoz yege, ó fọwọ́ sí i, ó sì nà án sí i.

Orosia kò gbà á. "Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ìlà tó kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá lẹ́yìn mi á há a sórí."

Don Leandro wo fadá, fadá wo òrùlé. Don Leandro fa gègé rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó fa igi lé ìlà náà nínú ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú fáìlì rẹ̀, ó fà á nípọn. "Kí ni kí n wá kọ síbẹ̀, Màmá?"

Orosia ronú. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì, Benita sì ń fi igun ìborùn nu imú.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó ṣí fún àwọn kan," ló wí. "Kí ẹ wá fi kún un pé láti ìsinsìnyí lọ, Orosia Lahoz ló ń ṣí i."

Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.